Ìpara òrí fún gìgísẹ̀ tó sán: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ilé ìdáná mi

Iṣẹ́ tí mo gbé síwájú lọ́tẹ̀ yìí kò ju ìpara kan ṣoṣo lọ, èyí tí ìyá mi yóò máa fi pa gìgísẹ̀ wọn lásìkò ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti wọ Ìbàdàn, gìgísẹ̀ wọn á sán, á là wọnú, ibi tó là á sì le kankan. Tí wọ́n bá ń yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, èèyàn á máa gbọ́ bí gìgísẹ̀ ṣe ń fa òwú aṣọ tí a tẹ́ síbẹ̀. Apá ibi orí bẹ́ẹ̀díṣíìtì wọn á tún dà bí tuntun, apá ibi ẹsẹ̀ á ti di jákujàku.

Fasilíìnì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ń lẹ̀, pé òrí ni àwọn ń fẹ́, òrí ni ìyá tiwọn fi pa àwọn lára dàgbà. Wàhálà òrí nìkan ni pé láàárọ̀ ọyẹ́, á le débi pé èékánná ni èèyàn máa fi họ ọ́ jáde. Tó bá di ọ̀sán, á ti dẹ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀. Bí wọ́n bá sì fi pa ẹsẹ̀ sùn, ìbọ̀sẹ̀ ló máa mu ún, kì í dúró sára gìgísẹ̀ di àárọ̀.

Ohun tí mò ń wá nìyí: ìpara tí òrí pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ìka lè kó láàárọ̀, tí kò ní ṣàn nínú ike lọ́sàn-án, tí yóò sì dúró lẹ́sẹ̀ mọ́jú. Kò gbọdọ̀ ní omi nínú rárá. Ìpara tó bá ti ní omi nínú nílò nǹkan tí kò ní jẹ́ kó hu, mi ò sì ní irú ẹ̀ nílé, mi ò sì fẹ́ wá a.

Ìdí tí gìgísẹ̀ fi ń sán

Mo ka èyí dáadáa kí n tó tan gáàsì, torí òun ló sọ ohun tí ìpara lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Níbi tó kù lára wa, ara fúnra rẹ̀ ń sun òróró díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ kò ní ihò tó ń sun òróró. Òógùn nìkan ló ń jáde níbẹ̀. Awọ ibẹ̀ ló sì nípọn jù lọ lára èèyàn. Tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà bá ti fa omi inú awọ tó nípọn yẹn tán, kò ní lè tẹ̀ mọ́, ńṣe ni yóò là.

Ọ̀rá kan tún wà lábẹ́ gìgísẹ̀ tó ń gba ìwúwo ara. Bí èèyàn bá dúró, ọ̀rá yìí á tẹ́, á fẹ̀ sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàtà tó ní ẹ̀yìn á dì í mú. Sílípáàsì kò lè dì í mú, ó kàn ń jẹ́ kó máa fẹ̀ ni, awọ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ á sì ya. Ọdún gbọọrọ ni ìyá mi fi ta èlùbọ́, ní ìdúró, nínú sílípáàsì. Ó yé mi.

Nítorí náà, omi ni ẹsẹ̀ ń wá. Òrí kì í fún ẹsẹ̀ lómi. Ó kàn ń dí ọ̀nà mọ́ omi tó ti wà níbẹ̀ kó má bàa sá lọ ni. Ẹni tó bá fi òrí pa gìgísẹ̀ tó gbẹ fúrúfúrú ń ti ilẹ̀kùn mọ́ yàrá òfìfo. Ibí ni gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́, òun ló sì jẹ́ kí n fi omi ìrẹsẹ̀ kún iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpara nìkan ni mo ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Òrí

Ọjà Bódìjà ni mo ti rà á. Àwọn tó ń kó o wá láti Òkè-Ògùn máa ń wà níbẹ̀, igi èmi, ìyẹn igi òrí, sì pọ̀ lápá Ṣakí lọ́hùn-ún ju apá ọ̀dọ̀ wa lọ.

“Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á wọgbá.”

“Àṣẹ o, ọmọ mi. Èló ni kí n bù?”

“Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ ná.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti igbá sọ́dọ̀ mi. Òrí gidi máa ń ní òórùn èéfín díẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yan èso rẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi omi pò ó títí ọ̀rá á fi léfòó. Òórùn èéfín yẹn kò burú. Èyí tó yẹ kéèyàn sá fún ni òórùn kíkan, irú èyí tó ń jáde nínú ìgò òróró tó ti pẹ́ jù. Mo bu díẹ̀ sáàárín ìka méjì, mo fi ra wọ́n. Ó yọ́ lójú ẹsẹ̀, torí ooru ara èèyàn tó láti yọ́ òrí, kò sì sí iyanrìn nínú rẹ̀.

Igbá kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí tiẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Mo bèèrè pé kí ló fà á.

“Egbò igi ni wọ́n fi pa á láró. Àwọn kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ ara lo fẹ́ fi pa, mú funfun yìí, má dà á láàmú.”

Mo mú funfun. Ká sòótọ́, kì í ṣe funfun báláú náà. Ó dà díẹ̀ sí àwọ̀ eérú. Èyí tó bá funfun jù, tí kò ní òórùn kankan, wọ́n ti fọ̀ ọ́ ní ilé iṣẹ́ nìyẹn. Kò burú fún ẹsẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga, n kò sì rí ohun tó fi ju ti inú igbá lọ fún iṣẹ́ yìí.

Nílé, mo yọ́ ọ kí n tó lò ó fún ohunkóhun. Agolo mílíìkì ńlá tí mo ti fọ̀, tí mo sì nù gbẹ, ni mo kó o sí, mo gbé agolo náà kalẹ̀ sínú ìkòkò tó ní omi díẹ̀, iná wẹ́rẹ́. Mi ò gbé agolo lé iná gan-an rárá. Òróró tó bá gbóná jù á jó, òórùn rẹ̀ á yí padà. Nígbà tó yọ́ tán, mo gbé e kalẹ̀, mo fi í sílẹ̀ kó rọlẹ̀. Nǹkan dúdú wínníwínní kóra jọ sí ìsàlẹ̀, èèpo èso tó jóná nígbà tí wọ́n ń yan án nìyẹn, omi díẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń dán. Mo rọra da ti òkè gba inú aṣọ funfun, mo fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí òrí hu nínú ike.

Ohun tí mo yọ kúrò

Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mò ń ṣe oògùn ẹsẹ̀ ló ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ fi sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dá lábàá jù. Mi ò lò ó. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá wà lára, tí oòrùn sì pa á, lè bó èèyàn lára bí iná ti ń bó o, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá mi kì í sì í jókòó sínú ilé. Ìyẹ̀fun sódà tí wọ́n fi ń wú kéèkì náà, mo yọ ọ́, torí pé awọ ara wa ní ásíìdì díẹ̀, ìyẹ̀fun yẹn sì ń mú ásíìdì náà kúrò. Ọṣẹ ìfọyín, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a lábàá.

Àdín dúdú, ìyẹn ti èkùrọ́, wà nínú ètò mi níbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ṣe awọ lóore. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ le, ó sì ń kun aṣọ, mo sì mọ bí ìbọ̀sẹ̀ funfun wọn ṣe máa rí. Nígbà tí mo bi ìyá mi, wọ́n ní, “Àdín kẹ̀? Ṣé Èṣù lo fẹ́ lé kúrò nílé ni?” Àwọn tó mọ̀ pé àdín ni èèwọ̀ Èṣù á rẹ́rìn-ín. Àdín àgbọn ni mo lò dípò rẹ̀. Ní nǹkan bí 24°C ló máa ń dì, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ omi gbogbo ọ̀sán nílé wa, tó sì máa ń funfun nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́.

Ọṣẹ dúdú ló kù tí mo rò lẹ́ẹ̀mejì. Eérú ni wọ́n fi ń sè é, eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì máa ń gbẹ awọ bí wọ́n bá pẹ́ jù nínú rẹ̀. Mo fi sí fífọ ẹsẹ̀, kíákíá, mi ò fi sínú omi tí ẹsẹ̀ máa wà fún ìgbà pípẹ́.

Kànáfùrù

Èyí kì í ṣe fún ìwòsàn, òórùn ni mo fi ń wá. Ìyá mi fẹ́ràn òrí, àmọ́ àwọn ọmọ mi ń pariwo èéfín rẹ̀. Mo wọn kànáfùrù gbígbẹ ṣíbí ìmutíì kan sínú àdín àgbọn tó tó ife ìmutíì kan, mo gbé e sínú omi gbígbóná bíi ti tẹ́lẹ̀, ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, mo sẹ́ ẹ. Òórùn rẹ̀ jáde dáadáa. Ẹni tó bá ní awọ tó máa ń yún má fi kún un, torí òróró kànáfùrù lágbára.

Àwọn kan máa ń fi ewé tútù sínú òróró, ẹfinrin tàbí ewé tíì. Ewé tútù ní omi nínú, omi yẹn á sì hu nínú òróró. Tí ewé bá wù yín, ẹ sá a gbẹ kó rún lọ́wọ́ kẹ́ẹ tó fi sí i.

Ìda

Ìda oyin ló ń mú kí ìpara dúró. Ẹni tó ń ta oyin ni mo ti rà á, odindi ìṣù kan, dúdú, tó ṣì ní òkú oyin nínú. Mo kó o sínú ìkòkò omi tí n kò fi se oúnjẹ mọ́, mo jẹ́ kó yọ́ sínú omi náà. Ìda á léfòó, ìdọ̀tí á wàlẹ̀. Nígbà tó tutù, ó dì sójú omi, ó rí pẹrẹsẹ, mo yọ ọ́, mo sì fi ọ̀bẹ họ ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní àwọ̀ oyin, òórùn rẹ̀ sì dára ju ti kànáfùrù lọ lójú tèmi.

Ẹ má fi àbẹ́là dípò rẹ̀. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí àbẹ́là púpọ̀, kì í ṣe nǹkan kan náà, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n tún fi po èyí tí wọ́n ń tà fún wa nígbà tí iná bá lọ.

Yíyọ́ àti ìwọ̀n

Síkéèlì tí mo fi ń wọn fúláwà ni mo lò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, òrí jẹ́ gíráàmù 70, àdín àgbọn 20, ìda 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100, ìṣirò á rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìda ló kọ́kọ́ wọ agolo, torí òun ló le jù láti yọ́. Ó ń fẹ́ nǹkan bíi 62 sí 64°C. Nígbà tó yọ́ tán ni mo da àdín sí i. Ó dì díẹ̀ lójú kan náà, ó ṣe funfun níbi tí àdín tutù ti kàn án, lẹ́yìn náà ó tún yọ́. Òrí ló gbẹ̀yìn. Mi ò jẹ́ kí òrí pẹ́ nínú ooru, bó ṣe yọ́ báyìí ni mo gbé agolo kúrò.

Mo ti gbé ṣíbí sórí yìnyín tẹ́lẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tutù náà kan ìpara tó ṣì jẹ́ omi, ó dì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa mọ bó ṣe máa le tó kó tó dà á sínú ike. Ó le díẹ̀ jù. Mo dá agolo padà sínú omi gbígbóná, mo fi òrí àti àdín díẹ̀ kún un títí tó fi rọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ padà, ó bọ́ sí òrí 72, àdín àgbọn 20, ìda 8, ìwọ̀n tí mo sì ń lò títí di báyìí nìyẹn ní ìgbà ọyẹ́.

Dídì

Ibí ni òrí ti máa ń dá àwọn èèyàn láàmú jù lọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dán an wò lọ́nà méjì. Ike kan wà lórí tábìlì, kó máa tutù fúnra rẹ̀. Èkejì, mo gbé agolo rẹ̀ sínú abọ́ omi yìnyín, mo sì ń fi ṣíbí rò ó láìdáwọ́dúró. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tí ṣíbí ń fi ipa sílẹ̀ lójú rẹ̀, mo dà á sínú ike, mo gbé ike náà padà sínú yìnyín.

Lọ́jọ́ kejì, tí orí tábìlì ti di wóró-wóró. Àwọn wóró náà le, ó di dandan kéèyàn fi ọwọ́ rà wọ́n kí wọ́n tó yọ́. Kò bàjẹ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kì í ṣe oríṣi ọ̀rá kan ló wà nínú òrí. Àwọn kan tètè ń dì, àwọn kan ń pẹ́. Tí ó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, àwọn tó tètè ń dì á ráyè kóra wọn jọ, wọ́n á di wóró. Tí otútù bá mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sáyè. Ti inú yìnyín dán, ó rí minijọ̀, ìka sì wọ̀ ọ́ láìjanpata.

Èyí tó di wóró-wóró, mo tún un yọ́, mo fi yìnyín ṣe é. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń gbé ike ìpara sójú fèrèsé: oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ díẹ̀, otútù òru á rọra dì í, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, wóró á ti kún inú rẹ̀.

Omi ìrẹsẹ̀

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú bàsíà, iyọ̀ ìwọ̀nba, ewé tíì ìdì kan tí mo ti sè lọ́tọ̀ tí mo sì sẹ́ sí i. Iyọ̀ àti ewé tíì, ẹ̀mí ìyá mi ló ń fẹ́ wọn; omi ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgúnpá ni mo fi ń dán an wò kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí ọwọ́ tó ń fọ abọ́ lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé omi gbóná jù.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ jù nínú omi, á wú, á sì gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tó bá jáde. Ìyá mi máa ń fẹ́ kó tó ìdajì wákàtí torí pé rédíò máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti ṣíwọ́ ìjà.

Lẹ́yìn náà ni òkúta ìfọsẹ̀, èyí tó ní ihò wínníwínní lára. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ń fi í gbà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí òkú awọ òkè lè dínkù lọ. Kò sí ìdí láti yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Awọ tí wọ́n bá ha títí tó fi pọ́n á tún nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ara ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Ibi tó bá là tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, òkúta kò gbọdọ̀ kàn án.

Àwọn ọmọ Hausa tó máa ń lu sísọ́ọ̀sì kiri àdúgbò, ìyá mi ti máa ń pè wọ́n kí wọ́n fi abẹ bó gìgísẹ̀. Iṣẹ́ wọn mọ́, mi ò lè sọ pé kò mọ́. Ṣùgbọ́n abẹ tó ti bó ẹsẹ̀ ẹlòmíràn láàárọ̀, tó wá ń bó tiwọn lọ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ kan lè bá a lọ. Mo ní kí wọ́n gé èékánná fún wọn, kí wọ́n lo irinṣẹ́ tiwa, kí wọ́n sì fi gìgísẹ̀ sílẹ̀.

Pípa á

Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo yọ́ lọ. Aṣọ ìnura á kan ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kò ní nù ún gbẹ. Nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà lára gìgísẹ̀ ni ìpara máa wọlé. Mo máa ń po gílísírìnì ẹ̀kán díẹ̀ mọ́ omi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, màá fi pa gìgísẹ̀ ná, ìpara á wá tẹ̀ lé e. Gílísírìnì ń fa omi mọ́ra, òrí àti ìda ń ti ọ̀nà. Gílísírìnì nìkan láìsí omi, nínú ọyẹ́, omi inú awọ ló máa fà jáde, nítorí náà mi ò lò ó lásán.

Ìwọ̀n ìpara kò ju ẹ̀wà kan lọ fún gìgísẹ̀ kan. Mo ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú ibi tó là, kì í ṣe kí n fi ra òkè lásán. Àárín ìka ẹsẹ̀ kì í kan ìpara rárá.

Orí bẹ́ẹ̀dì la ti ń ṣe é, ìbọ̀sẹ̀ òwú sì máa ń wà nítòsí. Ilẹ̀ wa, táìsì ni. Ẹsẹ̀ tó ní òrí lórí táìsì, pàápàá ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó dìde lóru lọ tọ̀, ìtàn rẹ̀ kì í dáa. Ìbọ̀sẹ̀ kọ́kọ́, ìrìn ṣìkejì. Èyí tó ní rọ́bà wínníwínní lábẹ́ ló dára jù.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyọnu ìda yìí tó nǹkan. Ìyá mi gbà kí n fi òrí lásán pa ẹsẹ̀ òsì, kí n fi ìpara tuntun pa ti ọ̀tún, omi kan náà, òkúta kan náà. Wọ́n ní mo ti sọ àwọn di ilé ìwé.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ló sàn. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka èyí mú lọ, torí ẹni tó ń ta ìpara kò ní sọ ọ́ fún yín. Ti ọ̀tún fi díẹ̀ ṣáájú: láàárọ̀, ìka mi ṣì ń bá ìpara lára gìgísẹ̀ ọ̀tún, nígbà tí ti òsì ti mu sínú ìbọ̀sẹ̀. Etí ibi tó là lápá ọ̀tún kọ́kọ́ rọ̀, ó kọ́kọ́ pa dé. Àmọ́ nígbà tí a fi máa parí, kò sí ẹni tó lè fi ojú wo ẹsẹ̀ méjèèjì kó mọ èyí tó jẹ́ ti ìpara. Omi, òkúta, ìbọ̀sẹ̀, àti bàtà tó ní ẹ̀yìn tí mo fi ẹ̀bẹ̀ mú wọn wọ̀ nílé, àwọn ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá ráyè yọ́ ìda, kó fi òrí lásán ṣe é, kó má sì fo omi.

Bẹ́ẹ̀díṣíìtì kò fàya mọ́.

Bàbá ìsàlẹ̀

Bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa gbọ́, wọ́n rán ọmọ wá pé kí n bu ìpara fáwọn náà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn fúnra mi, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń lo oògùn àtọ̀gbẹ.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ yín máa ń kú tipiri tàbí kó máa ta yín?”

“Ó ti pẹ́ o, ọmọ mi. Nígbà mìíràn, tí mo bá tẹ nǹkan, mi ò ní mọ̀.”

Ìdáhùn tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti jẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máà mọ nǹkan mọ́, omi gbígbóná lè bó o láìmọ̀, òkúta lè ha á dẹ́jẹ̀ láìmọ̀, egbò kékeré sì lè di ohun tí wọ́n máa gbé lọ sílé ìwòsàn. Mo bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bu ìpara fún wọn, mo ní kí wọ́n fi pa òkè àti gìgísẹ̀, kó má dé àárín ìka; kò sí rírẹ ẹsẹ̀ sómi, kò sí òkúta, kò sí abẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ náà han dókítà tó ń tọ́jú wọn. Inú wọn ò kọ́kọ́ dùn, wọ́n rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí wọ́n dé láti kílíníìkì, àwọn gan-an ló wá sọ fún mi pé ohun kan náà ni wọ́n sọ fáwọn.

Ẹnikẹ́ni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí tí pupa ń ràn gòkè, ìpara kankan nínú ilé ìdáná mi kò kàn án. Ilé ìwòsàn ni.

Àárín ìka

Wọ́n bi mí bóyá ìpara yìí dára fún ẹsẹ̀ tí omi jẹ, ìyẹn àárín ìka tó máa ń funfun, tó ń bó, tó ń yún, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ bàtà aláwọ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò dára fún un rárá. Gìgísẹ̀ ń wá omi, àárín ìka sì ti ní i ní àníjù. Òrí á kàn tún sé e mọ́bẹ̀ ni.

Àwọn àgbà máa ń gún ewé asùnwọ̀n tútù, wọ́n á fi ra ojú làpálàpá, àwọn kan sì ń fi í sáàárín ìka bẹ́ẹ̀. Igi rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, òdòdó rẹ̀ ga ṣánṣán. Mo ronú láti fi ṣe ìpara kejì, mo pa ìrònú náà tì. Clotrimazole, ìpara tó ń pa ohun tó ń jẹ awọ àárín ìka bẹ́ẹ̀, wà ní kẹ́míìsì, owó rẹ̀ kò pọ̀, ohun tó ń ṣe sì hàn gbangba. Kí wọ́n nu àárín ìka gbẹ, kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n má sì dáwọ́ dúró ní kété tí yíyún bá lọ. Kí wọ́n sá bàtà sóòrùn, kí wọ́n máa pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Oògùn ilé wù mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀nà jíjìn rọ́pò èyí tó wà nílẹ̀.

Fífi pamọ́

Ike kékeré tó ní ìdérí ni mo ń pín in sí, kì í ṣe ike ńlá kan. Ẹsẹ̀ tó rin ló ń gba ìpara yìí, ọwọ́ tó sì ń pa á rin pẹ̀lú. Bí ọwọ́ tútù bá ń wọ ike ńlá lójoojúmọ́, omi á wọ ibẹ̀. Ṣíbí kékeré ni mo fi há ike ìyá mi, wọn kì í lò ó. Ìdí tí n kò fi ń fún wọn ju ike kan lọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Tí òórùn bá ti kan, a ó dà á nù.

Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ, tí ooru oṣù kẹta bá dé, ìda 8 yìí kò ní tó, ìpara á máa ṣàn. Mo ti ṣe ike kan sílẹ̀ tó jẹ́ òrí 70, àdín àgbọn 18, ìda 12, mo gbé e sórí fìríìjì níbi tó máa ń gbóná jù nínú ilé ìdáná. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, kò tíì yọ́.